Détẹ́tọ̀ rédà wo ló dáa fún ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́? (Bowie sí Baltimore, òru ni mo máa ń padà)

Nọọsi_Oru (Bowie, Maryland)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó kówó sílẹ̀. Bowie ni mò ń gbé, Baltimore ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mò ń wọlé, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ni mò ń jáde, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọ̀nà 97 ni mo máa ń gbà, màá wá bọ́ sórí Route 3 gba Crofton wálé. Lálẹ́ Tuesday tó kọjá, ó ti rẹ̀ mí, ojú ọ̀nà dá, bẹ́ẹ̀dì mi nìkan ni mò ń rò, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí iná ọlọ́pàá ti gba gbogbo dígí ẹ̀yìn mi. Ó ní 76 ni mò ń sá níbi tí wọ́n kọ 55 sí. Mi ò bá a jiyàn torí kí n sòótọ́, mi ò wo eré mi fún bíi máìlì mẹ́ta gbáko. $160 ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, póìǹtì méjì (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì) sì tún wà ńbẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù torí mo mọ ohun tí ínṣọ́ránsì máa fi ṣe mí.

Ọkọ mi wá ní kí n lọ ra radar detector, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké tí rédà ọlọ́pàá, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka eré ọkọ̀, bá wà níwájú. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ti $100, mo rí ti $800, gbogbo wọn ló ní àwọn ni baba, orí mi sì ti dàrú. Mi ò ní ju $450 lọ. Ọkọ̀ mi jẹ́ ti 2019, ó ní iná kékeré létí dígí ẹ̀gbẹ́ tó máa ń tàn tí ọkọ̀ bá wà níbi tí èèyàn ò ti lè rí i. Ohun mìíràn ni pé Woodbridge ní Virginia ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, gbogbo ọjọ́ Sunday la máa ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò kí n tó rà?

---

OmoOluyole_HTX (Houston)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń lò ó, iṣẹ́ mi máa ń gbé mi láti Houston lọ sí Dallas lórí 45 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó tó nǹkan bíi 240 máìlì ní àlọ nìkan, yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́ lórí 290. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, ẹni tó ń tà á ni yóò bá a yàn án.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà oko lóru, ẹnì kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin á ti rí iná ẹ̀ tipẹ́ kí òun tó tan iná yẹn dé ojú yín kó dá yín mọ̀. Bí rédà náà ṣe rí nìyẹn. Ti ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ lọ kọlu ọkọ̀ yín kó tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀ kó tó lè ka eré yín, àmọ́ àlọ nìkan ni détẹ́tọ̀ yín nílò. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbọ́ ọ láti máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú ọ̀nà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bá jẹ́ òkè àti kọ̀rọ̀ ló pọ̀, ó máa dín kù gan-an.

Ẹ wá gbọ́ èyí o, òun ló ṣe pàtàkì jù. Oríṣi mẹ́ta ni ohùn rédà tó wà: X, K, àti Ka. X ti di ti àtijọ́, ẹ pa á tì, ẹ ti í pa nínú ẹ̀rọ yín. K wà ní 24.15 GHz, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà, torí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó máa ń dá ṣí ń lò ó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní irú iná etí dígí tẹ́ ẹ sọ yẹn náà ń lò ó. Ka ni ti ọlọ́pàá gan-an, 33.8, 34.7 àti 35.5 ni wọ́n sábà máa ń wà. Tí détẹ́tọ̀ mi bá ké Ka, ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí iná kí n tó ronú rárá. Tó bá ké K láàárín ìgboro, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀kùn Walgreens, ṣọ́ọ̀bù oògùn yẹn.

Torí náà ti $100 yẹn, ẹ má rà á. Kì í ṣe pé kò ní gbọ́ rédà o, á gbọ́. Ó kàn máa gbọ́ gbogbo ilẹ̀kùn àti gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, á máa ké láti ilé dé ibi iṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì etí yín á ti mọ́ ọn lára, ọjọ́ tó bá wá jẹ́ ọlọ́pàá gan-an ẹ ò ní gbọ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2017 nìyẹn, ó ké, mo ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni, ọlọ́pàá ló jẹ́. Asẹ́ lẹ̀ ń fowó rà, èyí tó lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú gaàrí. Ẹ wá èyí tó ní GPS nínú ara ẹ̀, tó lè há ibi tó máa ń ké lásán lójoojúmọ́ sórí, kó sì dákẹ́ tẹ́ ẹ bá tún débẹ̀.

---

Arrow_ATL (Atlanta)

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa láti Houston, àmọ́ wọ́n ò sọ̀rọ̀ ọfà. Valentine One ni mò ń lò, àwọn ló ti ń ṣe ọfà láti 1992, Gen2 tó jáde ní 2020 ni tèmi. Ọfà yẹn máa ń sọ fún èèyàn bóyá iwájú ni rédà wà, àbí ẹ̀yìn, àbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ò mọ bó ṣe fọkàn èèyàn balẹ̀ tó. Tó bá ti ń ké tí ọfà bá ti yí láti iwájú lọ sẹ́yìn, o ti kọjá ẹ̀ nìyẹn, o ò ní máa wò gbogbo igbó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó sọ owó nù.

---

OmoOluyole_HTX

@Arrow_ATL bọ̀dá mi, mo gbà pé ọfà dáa, èmi náà ti lo èyí tó lọ́fà rí. Ṣùgbọ́n V1 Gen2 ò ní GPS nínú, àfi kí èèyàn fi fóònù sopọ̀ mọ́ ọn kí áàpù máa bá a há ibi ariwo sórí, JBV1 tó bá jẹ́ Android, V1Driver tó bá jẹ́ iPhone. Ìwọ fẹ́ràn nǹkan báyẹn, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Àǹtí wa tó ń ti ọsibítù bọ̀ ní aago méjìlá òru, ṣé wọ́n á tún máa wá Bluetooth ni? Ẹ jẹ́ ká wo ti ẹni tó béèrè. Owó ẹ̀ gan-an tún ti kọjá $450 tí wọ́n dá.

---

Mama_Taiwo (Hyattsville)

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú sí mi o, nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ọdún kejìlélógún rèé, yàrá pàjáwìrì ni mo wà fún méjìlá nínú ẹ̀. Ọmọ mi, mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ fúnra ẹ ló sọ pé ó rẹ̀ ẹ́, pé o ò wo eré ẹ fún máìlì mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa lóru kì í ṣe ọ̀mùtí nìkan. Mo ti gba ẹlẹgbẹ́ wa wọlé rí, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, káàdì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń ti iṣẹ́ bọ̀ bíi tìẹ ló lọ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò kú, a dúpẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ò padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀rọ yẹn kì í ké tí oorun bá ń bọ̀. Mi ò ní kó o má rà á, ìwọ lo lowó ẹ. Mo ní tó bá rẹ̀ ẹ́ tó báyẹn, jókòó sínú ọkọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ogún ìṣẹ́jú, ti ilẹ̀kùn, fi álááàmù sí fóònù, sùn, kó o tó wakọ̀. Èmi máa ń ṣe é.

---

Nọọsi_Oru

Ẹ ṣé mà, mà á kúnlẹ̀ kí yín. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo tiẹ̀ kà á fún ọkọ mi. Òótọ́ ni, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn eré, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi wúwo tí ọkàn mi ti délé. Láti àná mo ti ń fi cruise control (ohun tó ń di eré ọkọ̀ mú sójú kan) sí 58 tí mo bá ti bọ́ sórí Route 3, ó yàtọ̀ púpọ̀. Ti oorun ìṣẹ́jú ogún yẹn náà, mo máa ṣe é.

Mo ṣì fẹ́ détẹ́tọ̀ yẹn ṣá, torí ibi tí 65 ti ń di 55 ni mo ti máa ń ṣìnà, mo fẹ́ nǹkan kan tó máa ké sí mi létí.

---

Baba_Tirela (Dallas)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí torí mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ bíi tèmi máa kà á. Tí ọkọ̀ ẹ bá jẹ́ ti iṣẹ́ ajé tó wúwo ju 10,000 páùn lọ, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gba détẹ́tọ̀ láyè rárá, ìpínlẹ̀ yòówù kó o wà, ì báà jẹ́ Texas. Kò gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀ náà, ká má tiẹ̀ sọ pé o ń lò ó. Àwọn ọmọ wa tó ń ra box truck láti fi gbé ẹrù, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ó kan àwọn, wọ́n ń rò pé tírélà ńlá nìkan ni. Ẹ lọ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín.

Fún àwa tó ní CDL, láísẹ́ǹsì awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, tí eré ẹ bá fi 15 ju èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, tó bá di méjì láàárín ọdún mẹ́ta, ọgọ́ta ọjọ́ lo máa fi jókòó sílé láìwakọ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ láìgba kọ́bọ̀. Nínú tírélà, mò ń wo eré mi, ìyẹn nìkan ni détẹ́tọ̀ mi.

---

Waya_SilverSpring (Silver Spring)

Àǹtí, iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mò ń ṣe, mo ti fi ẹ̀rọ yìí sínú ọkọ̀ tó lé ní igba, ẹ fetí sí mi dáadáa lórí ọ̀rọ̀ Sunday yín.

Maryland gbà á láyè. Virginia ò gbà á. D.C. náà ò gbà á. Afárá Woodrow Wilson tẹ́ ẹ̀ ń gbà lọ sí Woodbridge, ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ̀ gan-an gba orí ilẹ̀ D.C. kọjá, torí náà ẹ má sọ pé ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá dé òdìkejì. Ẹ yọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó gbéra. Òfin Virginia sọ pé tí wọ́n bá rí i tí kò sí iná tó ń lọ sínú ẹ̀, tí ọwọ́ awakọ̀ tàbí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ò sì lè tètè tó o, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ nìyí: ẹ fà á yọ, ẹ ká wáyà ẹ̀, ẹ jù ú sí búùtù. Inú glove box kọ́ o! Àwọn ọlọ́pàá Virginia tún ní ẹ̀rọ tó ń mọ détẹ́tọ̀, torí détẹ́tọ̀ fúnra ẹ̀ máa ń tú ìró díẹ̀ síta, ìró yẹn ni tiwọn ń gbọ́. Virginia tún le lórí eré fúnra ẹ̀. Tó bá ti lé ní 85, tàbí tó fi 20 ju èyí tí wọ́n kọ lọ, ẹjọ́ ọ̀daràn ni wọ́n máa pè é, ó lè já sí ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù méjìlá àti owó tó tó $2,500. Mo mọ ẹni tó rò pé tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n fún òun, ìgbà tó dé kóòtù ló rí i pé lọ́yà ló yẹ kóun mú wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Fort Meade náà, ẹ ṣọ́ra, wọn ò gbà á láyè nínú bárékè sójà kankan.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí, òkè gíláàsì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí àárín, ó gbọ́dọ̀ rí ojú títì níwájú kó sì rí ẹ̀yìn pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, wáípà á dí i lójú, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà á dí i. Tí gíláàsì yín bá ní irin nínú, irú èyí tó ń dá gbóná nígbà òtútù, ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó rà, torí irin yẹn lè bo ohùn rédà mọ́ ọn lójú. Ẹ má jẹ́ kí wáyà so rọ̀ bí okùn aṣọ láti òkè dé ibi ihò tí wọ́n ń ki sìgá bọ̀. A máa ń ti wáyà bọ inú aṣọ àjà ọkọ̀, ká gbà á ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wá sọ̀kalẹ̀ lọ síbi fíúsì, ká so ó mọ́ fíúsì tó máa ń kú tí ọkọ̀ bá kú, kó má baà jẹ bátìrì yín tán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́kọ̀ sí gárééjì ọsibítù, ẹ yọ ọ́ sápò, ẹ nu àmì róńdó tí rọ́bà ẹ̀ máa ń fi sí ara gíláàsì, àmì yẹn làwọn olè máa ń wá.

---

Ade_Peckham (London)

Ẹ kú àsálẹ́ o. Mo kàn ń kà á ni. Níbí, kò lòdì sófin, láti 1998 tí kóòtù gíga ti dá ẹjọ́ kan lórí ẹ̀, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa mọ́. Kámẹ́rà tó pọ̀ lójú títì márosẹ̀ wa ni èyí tó ń ya nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ níbìkan, tó tún ya á ní máìlì díẹ̀ níwájú, tó wá ṣírò àkókò tó o fi rìn ín. Kò sí rédà nínú ìyẹn, kí ni détẹ́tọ̀ fẹ́ gbọ́? £100 àti póìǹtì mẹ́ta ló kéré jù. Mo ta tèmi, mo ra èyí tó kàn ní máàpù kámẹ́rà nínú. Ṣé irú kámẹ́rà báyẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín?

---

Waya_SilverSpring

@Ade_Peckham kámẹ́rà pọ̀ ní Maryland, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé àti ibi tí wọ́n bá ti ń tún ọ̀nà ṣe. Tí eré bá ti fi 12 ju iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ, ó ti ya ọ́ nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ jíìpù tó máa ń dúró síbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, laser ni wọ́n ń lò, iná tí wọ́n fi ń ka eré dípò rédà, détẹ́tọ̀ ò wúlò níbẹ̀.

Ó yẹ ká ṣàlàyé laser yìí fún àǹtí torí gbogbo páálí détẹ́tọ̀ ló máa ń kọ ọ́ sára pé òun ń gbọ́ laser. Ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná laser tín-ín-rín ni, tó bá rìn jìnnà tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, nọ́ńbà iwájú ọkọ̀ rẹ ni ọlọ́pàá ń fojú sùn. Ìgbà tí détẹ́tọ̀ rẹ bá fi ké, ó ti ka eré rẹ tán. Ẹ má torí laser sanwó kún owó.

---

OmoOluyole_HTX

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n tún fi ọ̀kan kún un tí àwọn tó ń tà á kì í sọ, torí ó kan àǹtí gan-an. Ọlọ́pàá tó gbọ́n kì í tan rédà ẹ̀ sílẹ̀. Á pa á mọ́, á jókòó sínú òkùnkùn, tó bá ti rí ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti tán. Détẹ́tọ̀ lè gbà wá lọ́wọ́ irú ìyẹn tí ọkọ̀ mìíràn bá wà níwájú wa, torí ìgbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́ sí tiwọn la máa gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà lójú ọ̀nà ní aago méjìlá òru, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ sí. Àǹtí, àkókò tẹ́ ẹ fi ń wakọ̀ gan-an ni détẹ́tọ̀ ò lágbára tó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni.

---

Bisi_Laurel (Laurel)

Ṣé Waze, áàpù ojú ọ̀nà orí fóònù yẹn, ò tó ni? Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn á kàn máa sọ fún ara wọn pé ọlọ́pàá wà níbí. Èmi ò ra détẹ́tọ̀ rí.

---

OmoOluyole_HTX

@Bisi_Laurel Waze dáa gan-an lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì ni mo máa ń lò pọ̀. Àmọ́ àfi kí ẹnì kan ti kọjá kó tó lè sọ. Ní òru, ẹni tí ì bá sọ ọ́ ti ń sùn nílé. Tí ọlọ́pàá bá tún ti kúrò níbẹ̀ láti wákàtí kan, àmì ẹ̀ ṣì lè wà lórí máàpù, wàá ti fa búréèkì lásán.

---

Kootu_Ti_Gba_Mi (Upper Marlboro)

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti san $160 yẹn ni? Tẹ́ ẹ ò bá tíì san án, ẹ dúró! Tẹ́ ẹ bá san án, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi nìyẹn, póìǹtì méjì á wọlé. Ẹ wo ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè san án, ẹ lè ní kí wọ́n gbọ́ àlàyé yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n dá ẹjọ́ náà. Èmi yan èyí tí wọ́n ti ń gbọ́ àlàyé. Mo gbé ìwé tó fi hàn pé mi ò gba tíkẹ́ẹ̀tì rí dání, mo wọ aṣọ tó bójú mu, mo sọ fún adájọ́ pé mo ṣe é, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, PBJ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyẹn ni pé adájọ́ á fi yín sí abẹ́ ìṣọ́ fún àkókò kan dípò kó dá yín lẹ́bi, tẹ́ ẹ ò bá tún ṣe é, póìǹtì ò ní wọlé. Ó fún mi, mo kàn san owó díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fún èèyàn o, àmọ́ ẹ lọ bẹ̀bẹ̀. Owó póìǹtì yẹn lórí ínṣọ́ránsì lè ju owó détẹ́tọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ.

---

Nọọsi_Oru

Háà! Mi ò tíì san án, ọjọ́ Friday ni mo fẹ́ san án. Olúwa á bù kún un yín. Mo ti rí i lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ ẹ ṣe wí, màá fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́la.

Ẹ wá bá mi dá a síbi kan: èwo ni kí n rà?

---

OmoOluyole_HTX

Pẹ̀lú owó tẹ́ ẹ dá, Uniden R3 tàbí R4. R3 ti wà láti 2017, ẹ lè rí i ní ẹ̀dínwó, R4 ti 2023 ni, etí ẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, asẹ́ ẹ̀ náà dáa jù. Àwọn méjèèjì ní GPS nínú, kò sí ọfà lára wọn. R8 tó ní ọfà ti kọjá owó yín. Escort Redline 360c dáa, mo ti lò ó, ṣùgbọ́n iye owó yẹn, ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ ni mo lè ní kó san án.

Ibi ìtajà tó máa gbà á padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni kẹ́ ẹ ti rà á o! Torí iná etí dígí ọkọ̀ yín yẹn. Àwọn kan lára irú ọkọ̀ báyẹn, détẹ́tọ̀ á máa gbọ́ ọkọ̀ ẹni tó ni ín, á máa ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ki í bọ ihò sìgá, ẹ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí kò bá ké lásán, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí bọ̀dá Waya ti wáyà bọ inú àjà.

Tó bá dé, ẹ pa X. Ẹ tan asẹ́ K. Ẹ ṣe é kó máa dákẹ́ tí eré yín ò bá tíì tó 30. Ẹ má fọwọ́ kan Ka.

---

Arrow_ATL

Mo fara mọ́ R4. Mo ṣì ní ọfà dáa o.

---

Nọọsi_Oru (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará mi. Mo ní kí n padà wá jábọ̀ torí ẹ ti ṣe mí lóore.

R4 ni mo rà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Láti gárééjì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀, K, K, K. Ní Crofton, ẹ̀gbẹ́ ilé oògùn kan báyìí, ó ké bí ẹni pé ọlọ́pàá jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, kò dáwọ́ dúró títí mo fi kọjá iná ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Ó ké níbẹ̀ lálẹ́ kejì, ó ké lálẹ́ kẹta. Mo wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ̀gbọ́n Houston ní kí n tẹ̀ nígbà tí mo béèrè nínú íńbọ́ọ̀sì, láti ìgbà náà kò tíì ké níbẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ mi fúnra ẹ̀ ò yọ ọ́ lẹ́nu, a dúpẹ́. Àwọn ọkọ̀ ẹlòmíràn máa ń mú un ké díẹ̀ tí wọ́n bá sún mọ́ mi, á ké lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, mo ti mọ ohùn ìyẹn.

Alẹ́ Thursday tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí 97, ó dákẹ́ rọ́rọ́ láti ibi iṣẹ́, ó kàn sọ lẹ́ẹ̀kan náà: Ka, 34.7. Àyà mi já. Ohùn ẹ̀ yàtọ̀, ó le, kò jọ ti ṣọ́ọ̀bù rárá. Mo wo eré mi, 56, cruise control ló dì í mú. Mo wakọ̀ lọ bíi ìṣẹ́jú kan, ariwo ẹ̀ ń yára sí i, kó tó di pé mo rí i, ọkọ̀ ọlọ́pàá náà jókòó sáàárín koríko, kò tan iná kankan. Ọkọ̀ kan kọjá mi lápá òsì bí afẹ́fẹ́, òun ni ọlọ́pàá náà lọ dá dúró. Tí mi ò bá fi cruise control sí i ni, mi ò mọ̀ bóyá igbe yẹn ì bá tó ọwọ́ mi lásìkò.

Ọ̀rọ̀ kóòtù: wọ́n ti fún mi lọ́jọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni, mo ti gba ìwé àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ mi lọ́wọ́ MVA, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Maryland, ó mọ́ tónítóní látọjọ́ tí mo ti dé. Màá padà wá sọ ohun tí adájọ́ bá wí.

Mama_Taiwo, mo ti sùn nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ṣé mà.

---

Mama_Taiwo

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ ẹ, ọmọ mi. Inú mi dùn. Máa rántí fi aṣọ kan sẹ́yìn ọkọ̀, òtútù máa ń mú èèyàn tó bá pa ẹ́ńjìnì.

---

Waya_SilverSpring

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà wo lẹ fẹ́ ká wá ti wáyà yẹn? Ti Sunday ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń yọ ọ́?

---

Nọọsi_Oru

Saturday yìí tó bá rọrùn fún yín, sà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ti Sunday, ọmọ mi obìnrin ló ń yọ ọ́ kí bàbá ẹ̀ tó tan ọkọ̀, á ká wáyà, á gbé e sínú àpò tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, á gbé e sí búùtù sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ti wáyà náà, ẹ fi ẹnu ẹ̀ sí òkè létí dígí kó rọrùn fún un láti fà yọ.